Mò ń bọ̀ ní Jámánì lóṣù kẹwàá, kí ni mi ò tíì mọ̀?

Àdùnní_Mọ̀kọ́lá

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ kú àjò. Fíìsà mi jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, máásítà ni mò ń lọ ṣe ní Leipzig, oṣù kẹwàá la máa bẹ̀rẹ̀. Màámi ti ra báàgì ńlá méjì, wọ́n ti ń kó èlùbọ́, gàrí, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti kílíṣí sínú ẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná kí n bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀nà. Mo ti wo YouTube títí ojú ń ro mí, gbogbo wọn kàn ń ya fọ́tò nínú yìnyín ni. Èyí tójú yín rí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Kí lẹ ò mọ̀ kẹ́ ẹ tó dé tó wá jẹ́ kójú yín rí màbo? Mi ò gbọ́ èdè wọn ju "danke" lọ o, ẹ má bú mi.

ÌyáÌbejì_Hamburg

Àdùnní, o kú oríire, á yọrí sí rere. Sọ fún màmá pé kí wọ́n kó pọ̀nmọ́ àti kílíṣí yẹn jáde kíá. Ẹran kankan ò gbọdọ̀ wọ ibí láti Nàìjíríà, kó gbẹ kó le bí igi, ẹran ṣì ni lójú wọn, wàrà náà ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹja gbígbẹ ò ní wàhálà, wọ́n gbà kéèyàn mú un tó kílò 20 tó bá jẹ́ èyí tó fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ jẹ. Lọ́dún 2017 tí èmi náà kó pọ̀nmọ́ dé, arákùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka méjì gbé e sókè, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni pé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ló rí, ó bi mí pé ṣé jíjẹ ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ó wo ẹnìkejì ẹ̀, wọ́n bá sọ ọ́ sínú garawa. Pọ̀nmọ́ tí ìyá ọkọ mi fọwọ́ ara wọn sun o.

Èlùbọ́ àti gàrí, mú ìwọ̀nba tó o máa jẹ lóṣù àkọ́kọ́. Afro shop wà káàkiri àwọn ìlú ńlá, níbí apá Steindamm ni mo ti ń ra iṣu, àmọ́ owó iṣu kan á jẹ́ kó o rántí ilé. Kóòtù ọ̀kírìkà yòówù kó o rà nílé, kò lè gbà ẹ́ lọ́wọ́ òtútù oṣù kìíní, débí kó o tó rà á. Sátífíkéètì, ìwé ìbí, lẹ́tà yunifásítì, ojúlówó wọn ni kó o kó sínú báàgì ọwọ́, má fi sínú èyí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ ní pápákọ̀ òfurufú.

Bàbá_Köln

Àwọn tó kù á sọ ti owó. Tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: rí i pé orúkọ ẹ wà lára àpótí lẹ́tà kó o tó tú báàgì ẹ. Mi ò ṣeré o. Ìdílé mẹ́wàá méjìlá ló máa ń wà nínú ilé kan níbí, wọn kì í sì í sábà kọ nọ́ńbà yàrá sínú àdírẹ́sì, orúkọ tó wà lára àpótí àti lára bẹ́ẹ̀lì ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò. Bí ò bá rí tìẹ, á dá lẹ́tà padà síbi tó ti wá, kò ní bi aládùúgbò pé ta ló ń jẹ́ Àdùnní. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan níbí. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì ẹ, lẹ́tà ni. Káàdì ìlera, lẹ́tà ni. Owó ìtanràn, lẹ́tà ni, àwọ̀ ìyeyè ló sì máa ń jẹ́, tó o bá rí èyí aláwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi bírò kọ sára ẹ̀, ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ọjọ́ tó o ní láti fi dáhùn.

Lọ́dún 2014 ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ wọ̀ sí, orúkọ tiẹ̀ nìkan ló wà níta. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń bú báńkì pé wọn ò fi káàdì mi ránṣẹ́. Nọ́ńbà owó orí tí wọ́n ń pè ní Steuer-ID, òun náà ti wá, ó ti padà. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìní i, akọ̀wé ní òun ò lè ṣe nǹkan kan sí i, wọ́n fi mí sí kíláàsì kẹfà owó orí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé owó jù, nígbà tówó oṣù wọlé mo rò pé owó ẹlòmíì ni wọ́n ṣèèṣì san fún mi. Wọ́n padà dá a padà lọ́dún kejì nígbà tí mo ṣe ìṣirò owó orí, àmọ́ ẹ̀bà àti tòmátì agolo ni mo fi la oṣù méjì yẹn já. Gbogbo ẹ̀ torí bébà tí ò ju ìka ọwọ́ lọ tí mi ò lẹ̀ mọ́ àpótí.

Sisí_Bẹ́líìnì

Òótọ́ pọ́ńbélé ni bàbá sọ. Àmọ́ ohun tó ṣáájú lẹ́tà ni Anmeldung, kó o lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú pé ibí lò ń gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì lòfin fún ẹ lẹ́yìn tó o bá kó wọlé. Láìsí bébà yẹn Steuer-ID ò ní wá, ọ̀pọ̀ báńkì ò sì ní dá ẹ lóhùn. Wàá mú pásípọ́ọ̀tù dání àti bébà kan tí láńlọ́ọ̀dù fọwọ́ sí pé lóòótọ́ ilé òun lò ń gbé, Wohnungsgeberbestätigung, má wulẹ̀ gbìyànjú àtipe orúkọ yẹn, kọ ọ́ sí fóònù kó o fi hàn wọ́n. Ìwé àdéhùn rẹ́ǹtì nìkan ò tó. Ẹni tó bá fẹ́ fún ẹ ní yàrá àmọ́ tó ní o ò ní lè fi ṣe Anmeldung, sá fún un.

Termin ni wọ́n ń pe àpọ́íńtímẹ̀ǹtì, wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ju orúkọ ara ẹ lọ. Ní Bẹ́líìnì ó máa ń ṣòro rí, èmi ń jí láàárọ̀ kùtù lọ wo ìkànnì wọn, nítorí àwọn tó bá kánsẹ́lì. Leipzig lè má le tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wá a kó o tó wọ bàálù.

Ibì kan wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn tí wọ́n ti máa béèrè ẹ̀sìn ẹ o. Farabalẹ̀ níbẹ̀.

Àdùnní_Mọ̀kọ́lá

Ẹ̀sìn kẹ̀? Kí ló kan ìjọba níbẹ̀? Àgùdà ni wá nílé wa o, láti ìgbà ìyá ìyá mi.

Sisí_Bẹ́líìnì

Ó kàn wọ́n dáadáa. Tó o bá kọ Àgùdà tàbí evangelisch, ìjọba á máa bá ìjọ gba owó lára owó oṣù ẹ, Kirchensteuer. Kì í ṣe ìdá mẹ́wàá owó oṣù o, owó orí ẹ ni wọ́n á wò, wọ́n á wá fi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ní Bayern àti Baden-Württemberg ìdá mẹ́jọ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ò tíì máa san owó orí ò ní san nǹkan kan, àmọ́ orúkọ ẹ ti wà níbẹ̀ dìgbà tó o bá ríṣẹ́ gidi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ àtúnbí paraku rí "evangelisch" lórí fọ́ọ̀mù, ó ní à á, àwa nìyẹn, àwa ajíhìnrere, ó bá máàkì í. Ìjọ Luther ló kọ ara ẹ̀ sí! Ọdún mẹ́ta ló fi ń san owó fún wọn láìmọ̀, tó sì tún ń san ìdá mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa lọ́jọ́ Sunday. Ìgbà tó fi ìwé owó oṣù hàn mí pé kí ni KiSt yìí, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Alàgbà_Frankfurt

Ẹ má kọ́ ọmọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Èmi Àgùdà ni mí, mo ń san án, kò sì dùn mí. Jẹ́léósinmi tọ́mọ mi lọ, ti ìjọ ni. Ẹni tó bá kọ̀wé jáde ní kóòtù tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba nítorí owó, kó má tún wá bẹ fáda pé kó so òun pọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, torí ó dìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá fọwọ́ sí i.

Sisí_Bẹ́líìnì

Alàgbà, ẹ má bínú sà. Mi ò ní kó parọ́, mo ní kó mọ ohun tó ń kọ ni.

Ọmọ_Èkìtì_Dortmund

Ẹ jẹ́ á sọ̀rọ̀ owó jàre. Owó tó o tì pa sínú àkáǹtì torí fíìsà, nígbà tí mo ṣe tèmi lọ́dún 2025 yúrò 11,904 ni, 992 ni wọ́n sì ń tú sílẹ̀ fún mi lóṣooṣù, wọn ò kó o fún mi lẹ́ẹ̀kan. Oṣù àkọ́kọ́ ló máa ń le torí kó o tó ṣí àkáǹtì níbí kó o tó rí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀, ọjọ́ á ti lọ, bẹ́ẹ̀ láńlọ́ọ̀dù ń retí rẹ́ǹtì àti Kaution, owó ìdúró tí wọ́n á dá padà fún ẹ lọ́jọ́ tó o bá kó jáde, ó sì lè tó rẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta. Owó tó o máa ná lóṣù méjì, mú un dání lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá sì dárúkọ rẹ́ǹtì fún ẹ, béèrè pé ṣé "tútù" ni àbí "gbígbóná". Tútù ni owó ilé lásán, gbígbóná ni èyí tí owó omi àti ti ẹ̀rọ amúlégbóná ti wà nínú ẹ̀, iná mànàmáná lè má sí nínú méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi gba ilé "tútù" torí ó rò pé wọ́n ń sọ pé ilé náà máa ń tutù ni, ó ní òun á wọ súwẹ́tà.

Iṣẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọjọ́ 140 gbáko ṣiṣẹ́ lọ́dún, tàbí ìdajì ọjọ́ lọ́nà 280. Láti January 2026 owó wákàtí kan tó kéré jù lábẹ́ òfin ni yúrò 13.90, ẹni tó bá fẹ́ san mẹ́sàn-án fún ẹ lábẹ́ tábìlì, ìwọ ló máa ko wàhálà tọ́wọ́ bá tẹ̀ yín. Má sì dá àwọn tó ń sọ pé wàá máa fi iṣẹ́ bọ́ ara ẹ tí wàá tún máa fowó ránṣẹ́ sílé láti oṣù kejì lóhùn. Láìgbọ́ èdè, wéáháùsì lo máa ṣe, òru ni, ẹ̀yìn á máa ro ẹ́, kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀ á sì máa dúró dè ẹ́.

Ínṣọ́ránsì ìlera, tí o ò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ti gbogbogbòò ni kó o gbà, kódà kí ti aládàáni dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lójú. Tó o bá ti fọwọ́ sí i pé o ò fẹ́ ti gbogbogbòò, o ò ní lè padà síbẹ̀ títí wàá fi parí ìwé ẹ. Mo mọ ẹni tó ṣe é, nígbà tó lóyún ló tó mọ ohun tí ti aládàáni yẹn ò ní san.

Bọ́ọ̀sì àti rélùwéè, bi yunifásítì ẹ bóyá tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú owó sẹ́mẹ́sítà. Tí ò bá sí, Deutschlandticket wà, yúrò 63 lóṣù láti January 2026, gbogbo Jámánì ni àfi àwọn rélùwéè tó ń sáré bí ICE. Má wọ ọkọ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì o, kò sí kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń pariwo, kò sí géètì, o máa rò pé ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ò sì wọ yúnífọ́ọ̀mù nígbà míì, ẹni tó jókòó tì ẹ́ á kàn dìde fi káàdì hàn ẹ́. Yúrò 60. Má ju ike omi náà nù, 25 sẹ́ǹtì lowó tó wà lórí ẹ̀, máṣìnì tó ń gbà á wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

Àdùnní_Mọ̀kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kan wà tí mo rí lórí ìkànnì ilé, ó ní yàrá ní Leipzig, yúrò 280 gbígbóná, fọ́tò ẹ̀ dùn-ún wò. Ó ní òun wà ní London báyìí fún iṣẹ́, kí n san 700 kí òun fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n san?

Ọmọ_Èkìtì_Dortmund

MÁ SAN O.

Sisí_Bẹ́líìnì

Àdùnní, jìbìtì ni! Kọ́kọ́rọ́ ò sí níbì kankan. Láńlọ́ọ̀dù tó wà nílùú míì, ilé tó rẹwà tówó ẹ̀ kéré, kọ́kọ́rọ́ tó ń bọ̀ nípọ́ọ̀sì, ẹ̀dà kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Àwọn oníjìbìtì yẹn mọ̀ pé ẹni tó wà ní Nàìjíríà ò lè wá wo ilé. Kọ̀wé sí Studentenwerk Leipzig fún yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì lónìí, ìlà á gùn àmọ́ wọlé síbẹ̀. Tí ò bá tètè bọ́ sí i, wá ẹni tó lè lọ fojú rí ilé fún ẹ kó o tó san ohunkóhun. Mo ní ọ̀rẹ́ ní Leipzig, kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Vienna

Ẹni tó bá ń ka èyí tó ń bọ̀ ní Austria, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ méjì Anmeldung yẹn tan ara yín jẹ o, ọjọ́ mẹ́ta ni tiwa. Meldezettel ni wọ́n ń pe tibí. Jámánì tẹ́ ẹ bá sì kọ́ nínú ìwé, ẹ dé ibí kẹ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé ẹ fowó ṣòfò.

Ìdòwú_Zürich

Tibí náà ọ̀sẹ̀ méjì ni. Àmọ́ ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìfọṣọ. Máṣìnì kan ni gbogbo ilé ń lò nísàlẹ̀, wọ́n pín ọjọ́, tèmi Tuesday ọ̀sẹ̀ kejì. Mo fọ ṣọ́kìsì méjì lọ́jọ́ ẹlòmíì, màmá àgbàlagbà kan kọ lẹ́tà sí mi, ojú ewé méjì, ó fi "pẹ̀lú ọ̀wọ̀" parí ẹ̀. Ọdún kan kọjá kó tó tún kí mi.

ÌyáÌbejì_Hamburg

Hahaha. Ìdòwú, tìẹ kéré. Ọdún tá a kọ́kọ́ dé, ọkọ mi ní iyán lòun fẹ́ jẹ, lálẹ́ Saturday, aago mẹ́wàá ti kọjá. Mo gbé odó kalẹ̀, mi ò tíì gún un débi tí iyán ń fà, wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá méjì. Aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ ní òun gbọ́ tí wọ́n ń lu ènìyàn mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn, èmi ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, òógùn ń bọ́ lójú mi, ẹ wo bó ṣe máa rí lójú wọn. Mo pè wọ́n wọlé, mo fi odó hàn wọ́n, ọ̀kan fi ìka tọ́ iyán wò, ó ní "Kartoffel?" mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dùnkún ni, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ wọn ò fẹ́ ariwo, ọjọ́ Sunday látàárọ̀ dalẹ́. Má lu ìṣó, má ju ìgò sínú àpótí ìgò lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù náà á tì, Saturday ni kó o ra gbogbo ohun tó o máa jẹ. Ìyẹ̀fun iyán ni mò ń rò báyìí.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́, má jẹ́ kó bà ẹ́ lẹ́rù jù, Yorùbá ti kọ́ ẹ ní ìdajì. Sie tí wọ́n ní ni "ẹ" tiwa, du ni "o". Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá ìyẹn jà. Ibi tó yàtọ̀ ni pé ọ̀gá ẹ tó ti lé lọ́gọ́ta lè ní kó o máa pe òun ní du, kó o sì máa pe orúkọ ẹ̀ lásán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ahọ́n mi fi kọ̀ ọ́. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni yàrá ìdúró dókítà. Àwọn èèyàn tí kì í kíra wọn nínú rélùwéè, tí wọ́n bá wọ yàrá yẹn wọ́n á kí gbogbo ilé, "Guten Morgen," gbogbo wa á dáhùn, tí wọ́n bá ń lọ wọ́n tún á dágbére.

Nọ́ọ̀sì_Stuttgart

Nọ́ńbà: 112 ni áńbúláǹsì àti panápaná, 110 ni ọlọ́pàá, 116117 ni dókítà tó o bá ń ṣàìsàn lóru tàbí ní wíkẹ́ǹdì àmọ́ tí kì í ṣe ọ̀ràn ikú. Má lọ dúró ní ẹ̀ka pàjáwìrì torí ọ̀fìnkìn, wàá jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Wíńdò ẹ, ṣí i gbayawu fún ìṣẹ́jú márùn-ún mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́ kódà nínú òtútù, kó o sì pa ẹ̀rọ amúlégbóná nígbà yẹn. Pàápàá àwa tá à ń se ọbẹ̀ ata. Èmi ti ohun gbogbo pa torí òtútù, nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ẹ̀bu dúdú ti bo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi láti òkè délẹ̀, wọ́n yọ owó àtúnṣe ẹ̀ nínú Kaution mi. Owó amúlégbóná, ìṣirò ẹ̀ máa ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, má lo ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àrò.

Àdùnní_Mọ̀kọ́lá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé o! Oṣù kan ti ń lọ. Ilé táwa mẹ́ta jọ ń gbé ni mo rí, ọ̀rẹ́ Sisí Bẹ́líìnì bá mi lọ wò ó, Ọlọ́run á bù kún yín mà. Kí n tó bọ́ bàtà ni mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ orúkọ mi mọ́ àpótí lẹ́tà, àwọn tá a jọ ń gbélé ń wò mí. Mo ti ṣe Anmeldung, Àgùdà ni mo kọ, Alàgbà ẹ gbádùn. Láti Sunday àná aago mi àti ti Màámi ti dọ́gba, wọn ò ní máa pè mí nígbà tí mo bá ti sùn mọ́. Àmọ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, kí lèyí?

Ẹ wá wo nǹkan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wá lórúkọ mi nínú àpótí, inú mi dùn, mo ṣí i, wọ́n ní kí n wá san owó tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní tẹlifíṣọ̀n! Rédíò gan-an mi ò ní!

Bàbá_Köln

Káàbọ̀ sí Jámánì, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tí wọn kì í kọ ọ́ sí. Kó o ní tẹlifíṣọ̀n, kó o má ní, yúrò 18.36 lóṣù, àmọ́ ilé ni wọ́n ń ka owó ẹ̀ sí, kì í ṣe orí. Bi àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé pé ta ló ń san án, gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ń san án, kó o kọ ọ́ sínú ìdáhùn. Má ju lẹ́tà náà nù o, wọn ò ní yé kọ̀wé, owó á sì máa gorí owó.

Àdùnní_Mọ̀kọ́lá

Ẹ ṣeun bàbá. Mo ti béèrè, ọ̀kan nínú wọn ló ti ń san án látọjọ́ tó ti wà níbí, ó fún mi ní nọ́ńbà, mo ti fi ránṣẹ́. Ó ní kí n máa mú ìdá mẹ́ta tèmi wá lóṣooṣù, yúrò mẹ́fà àti sẹ́ǹtì 12. Mo fún un ní mẹ́fà àtààbọ̀, mo ní kó mú ṣéńjì. Ó lọ sí yàrá ẹ̀, ó kó sẹ́ǹtì 38 wá, ó tún kọ rìsíìtì fún mi.